Ìdí Tí Mi Ò Fi Gbé Bọ́dì Ọkọ̀ Sókè Mọ́

Ẹni tó ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ ó dì mú, ó ní kí n jẹ́ kó dùn. Ó ní kí n fi ọkàn yín balẹ̀, kí n má sọ ohun tí yóò lé yín sá kúrò nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Mo ní kó wá ẹlòmíràn lọ. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi sùn sí abẹ́ ọkọ̀ ní ìlú Ìlọrin yìí, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí títí di òní, mi ò sì ní dàgbà tán kí n wá máa purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ. Ẹni tí kò bá bá lára mu, kó ṣí ìwé náà síwájú.

Ràímì ni orúkọ mi. Agboolé àwọn Àáfáà ni wọ́n bí mi sí ní Gàmbàrí. Bàbá mi ń kọ́ni ní kéwú, bàbá tó bí i náà kọ́ni ní kéwú, gbogbo ilé ló sì ti gbà pé èmi ni mo máa jókòó sórí ẹní wọn lọ́jọ́ iwájú. Mo ké kéwú dáadáa, kò sẹ́ni tó lè sọ pé mo ya ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kọjá lójú títì, mo ti mọ̀ láti inú ìró rẹ̀ bóyá sàlẹ́ńsà ló jò tàbí sípíríǹgì ló ṣẹ́. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá ní nǹkan bí ọdún 1986, mo ní mẹkáníìkì ni mo fẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Tìmótì ní Ṣàngó, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìlọrin kí wọ́n tó bí mi.

"Kìrìsìtẹ́nì?" ni bàbá mi bi í.

"Ẹ̀sìn kọ́ ló fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀, Àáfáà," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi dá a lóhùn. "Bóòtù ni."

Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n san, ẹ jẹ́ ká fò ó. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Bóòtù náà ni mo sì lọ kọ́ lóòótọ́. Oṣù mẹ́fà gbáko ni Ọ̀gá Tìmótì kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ó da bóòtù sínú garawa kẹrosíìnì, ó ní kí n di ojú, kí n máa mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa sọ sípánà tó máa wọ̀ ọ́. Bí mo bá ṣì í, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dè é. Ẹ lè máa rò pé kí ló wà nínú kí ènìyàn de bóòtù. Ó níbi tó máa ń dé tí ọwọ́ rẹ á sọ fún ọ pé ó tó. Bí o bá dúró kó tó débẹ̀, yóò tú. Bí o bá kọjá ibẹ̀, irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà nìyẹn, yóò sì já lọ́jọ́ tí o kò rò.

Lọ́jọ́ kan, jíìpù oníbàárà kan wà nílẹ̀. Bóòtù méjìlá ló di bọ́dì rẹ̀ mọ́ ṣásì, ìyẹn irin gígùn méjì tó wà nísàlẹ̀ tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé. Mo de méjèèjìlá. Oníbàárà ti mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó ń wo aago. Ọ̀gá Tìmótì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jáde wá.

"Ìkẹsàn-án ń mì."

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Mo máa dè é báyìí."

"Tú gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo méjèèjìlá?"

"Bí o bá gbàgbé ọ̀kan, èmi ò mọ ohun tí ò ń rò nígbà tí ò ń de ìyókù. Tú u."

Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òun ń lọ síbì kan. Ọ̀gá Tìmótì kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ ni tìrẹ, iṣẹ́ ni tèmi. Lọ jókòó." Mo tú méjèèjìlá, mo tún un dè, omi ń bọ́ lójú mi nítorí ìbínú. Mo bú ọkùnrin yẹn nínú ikùn mi dé ibi tí mo lè bú u dé. Mo fi ọdún mẹ́rin ṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò bú u.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé kí n tó tẹ̀ síwájú, torí ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè má mọ̀ ọ́n. Nígbà náà, ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tí mo mọ̀ ní Ìlọrin, bí iṣẹ́ bá ti parí, gbogbo wa á fọ ọwọ́, a ó dúró yí ọkọ̀ ká, a ó ṣe fàtíhà sí i. Mùsùlùmí á ṣe tirẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì á gbàdúrà tirẹ̀, gbogbo wa á ṣe àmín. Fàtíhà ló ń parí iṣẹ́. Láti ìgbà tí a bá ti ṣe àmín, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ mú sípánà lọ bá ọkọ̀ yẹn. Bí o bá mú un, ńṣe ló dà bí ìgbà tí o ní àdúà náà kò gbà, tàbí pé o mọ̀ pé o ṣe ohun tí kò dáa síbẹ̀. Oníbàárà mìíràn lè bá ọ jà fún un. Ọ̀gá Tìmótì nìkan ni mo mọ̀ tí kì í tẹ̀lé e. Yóò dúró, yóò ṣe àmín sókè ketekete, yóò dé fìlà rẹ̀, yóò sì padà wọ abẹ́ ọkọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé díákónì náà kò ní ìgbàgbọ́. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní 1990 mo ṣe fíríídọ̀mù, mo ya ìsọ̀ tèmi kò jìnnà sí ti Ọ̀gá. Ìgbà yẹn ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí apá kò ká mọ́. Ohun tí oníkálukú bá ní ló ń lẹ̀ mọ́ra. Àwọn tó ń lọ sí ìgbẹ́ apá Ìbàrìbá, tí wọ́n ń kó pákó àti èédú, ojú wọn ń rí màbo lójú ọ̀nà. Kòtò ibẹ̀ ń gbé ọkọ̀ mì dé ìdajì. Wọ́n fẹ́ kí píkọ́ọ̀pù wọn ga, kí táyà ńlá lè wọ̀ ọ́. Ọ̀nà méjì ló wà. O lè fi kún sípíríǹgì, ìyẹn á sì gbé gbogbo ọkọ̀ sókè pọ̀. Tàbí kí o tú bọ́dì kúrò lórí ṣásì, kí o ki nǹkan sáàárín wọn, kí o wá fi bóòtù gígùn dè é padà. Ìyẹn yá, ó sì rọrùn. Ọ̀gá Tìmótì kì í ki ohun tó ju ròbá tó nípọn tó ìka méjì lọ. Bí oníbàárà bá ní kó fi kún un, á ní kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Èmi ní tèmi, mo fẹ́ ju ọ̀gá mi lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ohun tó bà mí jẹ́ nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀. Mo wá nǹkan tó le tó sì ga, irin kò sí, èyí tó wà ò ṣeé rà. Mo bá ronú kan odó. Igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ odó le bí òkúta, wọ́n á fi gún iyán fún ogún ọdún kò ní là. Mo lọ sí Ọjà-Ọba, mo ní kí àwọn tó ń ta odó máa bá mi ra àwọn àlòkù tí ìdí wọn ti jẹ.

"Ọkọ̀ lẹ fẹ́ gún iyán fún?" ni ìyá kan bi mí níbẹ̀, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo fi ayùn gé odó náà sí ègé tó ga tó ìkúùkù ọkùnrin, mo dá ihò sí i láàárín, mo rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó dúró ṣinṣin. Láàárín ọdún kan, orúkọ mi ti yí padà. Ràímì Gbé-e-Sókè ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ọkọ̀ ń tò níwájú ìsọ̀ mi, ti Ọ̀gá Tìmótì sì dá. Inú mi dùn sí i. Mo ń kọ ọ́ báyìí, ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i nígbà yẹn.

Lásísì ló mú Alájì Onípákó wá sọ́dọ̀ mi. Lásísì yìí, ẹní kan náà la jókòó lé ké kéwú ní ilé wa ní Gàmbàrí. Ó lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì di dẹ́rẹ́bà Alájì, tó ń ta pákó. Dẹ́rẹ́bà tí kì í sáré ni, tí kì í fẹnu kan ọtí, tí kì í tilẹ̀ mu sìgá. Àwọn èrò máa ń bú u pé ó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó gbé píkọ́ọ̀pù Alájì wá lásìkò òjò, mo sì ki ègé odó kan sí ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Alájì wò ó, ó mi orí.

"Ó kéré, Ràímì. Fi òmíràn lé e."

"Alájì, ibi tó dé yẹn ló tó. Sítíárìn ò ní fẹ́ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé ìwọ kọ́ ni wọ́n ń pè ní Gbé-e-Sókè ni? Àbí kí n lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn?"

Ọ̀rọ̀ náà ta mí. Mo fi ègé odó mìíràn lé ti àkọ́kọ́, mo na ṣáàfùtì sítíárìn, ìyẹn ọ̀pá tó so sítíárìn mọ́ táyà, títí orí rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ yọ nínú ihò rẹ̀, mo na họ́ọ̀sì bíréèkì. Mo ṣì ń yẹ bóòtù wò nígbà tí Alájì ní òun ń yára, kí a ṣe fàtíhà. Mo jáde lábẹ́ ọkọ̀. A ṣe fàtíhà. Bóòtù mẹ́ta ni mi ò tíì fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ yẹn ìbá tán síbẹ̀ bí ọyẹ́ kò bá dé. Ẹ̀yin mọ ọyẹ́ Ìlọrin. Ó ń la ètè, ó ń la ilẹ̀kùn, ó ń jẹ́ kí àpótí tó ti wà láti ọdún mẹ́wàá máa ró fúnra rẹ̀. Igi tí mo rẹ sínú ọ́ìlì gbẹ, ó sún kì. Bí igi bá ti sún kì, bóòtù tó wà nínú rẹ̀ ti tú nìyẹn, bí o tilẹ̀ fi gbogbo agbára rẹ dè é lásìkò òjò. Ohun tí mi ò rò rí nìyẹn. Odó ilé kì í gbẹ torí omi iyán ń kàn án lójoojúmọ́.

Lásísì padà wá. Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yẹn dáadáa. Ó padà wá. Ó wọlé ní ọ̀sán gangan, Alájì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà bíi mẹ́ta wà lórí bẹ́ǹṣì mi.

"Ràímì, mò ń gbọ́ nǹkan lẹ́yìn mi. Bí mo bá yí sítíárìn, á dún kì, á tún dún kì. Jọ̀ọ́, bá mi wọ abẹ́ rẹ̀."

Mo wo bẹ́ǹṣì. Mo wo Alájì. Ọkọ̀ tí a ti ṣe fàtíhà sí, kí n wá mú sípánà lójú gbogbo wọn? Kí wọ́n lọ máa sọ pé iṣẹ́ Gbé-e-Sókè ń dún? Mo rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́dì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"A ti ṣe fàtíhà sí i, Lásísì. Pákó tí o kó ló ń dún. Máa lọ."

"Ó dá ọ lójú?"

"Máa lọ, jàre."

Ó lọ. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín pé dẹ́rẹ́bà ẹlẹ́yin ti dé.

Ọjọ́ kẹwàá ni ìròyìn dé. Lásísì ń bọ̀ láti ìgbẹ́, kò kó ẹrù tó pọ̀, kò sáré. Màlúù ń kọjá lójú ọ̀nà níbi tí ọ̀nà ti yí. Ó tẹ bíréèkì. Ṣásì dúró, bọ́dì kò dúró. Gbogbo bọ́dì sún síwájú lórí irin, ó fa ṣáàfùtì sítíárìn yọ, sítíárìn sì ń yí lásán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ga, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó yí wọ inú gọ́tà. Ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí fún mọ́ Lásísì lẹ́sẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún.

Mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹni tó ní láti sọ nǹkan kan fún mi. Odó náà ti là sí méjì, ihò rẹ̀ ti fẹ̀ débi tí àtàǹpàkò mi wọ̀ ọ́, àwọn bóòtù sì ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Mo jókòó sínú gọ́tà yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà mo kó àwọn ègé igi náà sínú àpò.

Nígbà tí mo padà dé Ìlọrin, Alájì ti sọ̀rọ̀ yíká ìlú. Ó ní igbó ni Lásísì mu, ó ní ó sùn lójú ọ̀nà. Ọlọ́pàá kan ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù rẹ̀ nílé ìwòsàn. Bí ara Lásísì bá ti yá, ilé ẹjọ́ ló kàn, fún ìwàkuwà. Ọkùnrin tí kì í mu sìgá! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ, wọ́n tún fẹ́ gba orúkọ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò wa pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bi mí léèrè. Rárá. Wọ́n fẹ́ bá mi kẹ́dùn ni.

"Kádàrá ni," ni Alága wí. "Ọlọ́run nìkan ló mọ sábàbí rẹ̀. Ká ṣàdúà fún dẹ́rẹ́bà náà, kí kálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni gbogbo wọn ń wí.

Mo dìde. Mo ní, "Ọlọ́run mọ sábàbí rẹ̀. Èmi náà mọ ohun tó fà á." Mo da àwọn ègé odó sílẹ̀ níwájú Alága. "Òun nìyí. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo kì í sábẹ́ ọkọ̀. Lásísì wá bá mi pé ó ń dún, mo ní kó máa lọ. Mo ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ sọ bẹ́ẹ̀."

Ariwo sọ. Wọ́n ní orí mi ti yí. Ẹnìkan di aṣọ mi mú. Ọ̀gá Tìmótì ló wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rò pé ó fẹ́ tì mí lẹ́yìn.

"Má lọ, Ràímì."

"Ọ̀gá?"

"Bí o bá lọ, ọjọ́ tí ọkọ̀ èyíkéyìí bá tún dànù ní ìlú yìí, mẹkáníìkì ni wọ́n máa wá mú. O máa ta gbogbo wa."

"Ọ̀gá, ẹ tú bóòtù méjìlá nítorí ọ̀kan."

"Bóòtù nìyẹn."

"Bóòtù náà lèyí, sà."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo dìde, mo lọ. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, ìgbà kan ṣoṣo tí mi ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu nìyẹn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lónìí, màá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí inú bá ń bí, kó máa bí i.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà ní káńtà wo àwọn ègé igi náà títí.

"Kí nìyí?"

"Odó, sà."

"Odó iyán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òun ló gbé bọ́dì ọkọ̀ náà dúró. Dẹ́rẹ́bà ò mu nǹkan kan, kò sì sùn."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o mọ̀ pé ara rẹ lò ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tì mí mọ́lé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Bàbá mi wá lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́yìn irin pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Wọ́n ní o sọ pé fàtíhà ló fà á."

"Rárá o, Bàbá. Mo ní èmi ni mo fi fàtíhà bo iṣẹ́ tí kò parí."

Ó ní, "Ìyẹn yàtọ̀." Ó sì dúró tì mí títí wọ́n fi lé e kúrò.

Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀, ó lọ wo ohun tó ṣẹ́, ó sì sọ ohun tí mo sọ. Wọ́n jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Lásísì. Èmi, wọ́n mú mi dé iwájú adájọ́, ó bá mi wí gidigidi, ó ní mi ò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yẹn mọ́, ó sì fi mí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ lé mi jáde. Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Àmínátù ìyàwó mi ń ta bùrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, èmi sì ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ṣe láti ojúlé dé ojúlé fún ọdún méjì. Bí mo bá kọjá, àwọn mẹkáníìkì mìíràn á pè mí ní Olódó. Mo ń dá wọn lóhùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni Olódó, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ kì sábẹ́ tiyín?

Lẹ́yìn ọdún méjì yẹn ni mo tún ṣí ìsọ̀. Lọ́jọ́ kan, Lásísì wọlé pẹ̀lú igi méjì lábíyá. A ò tíì fojú kan ara wa láti ọjọ́ tí mo ti ní kó máa lọ. Gbogbo ìgbà tí mo lọ sílé ìwòsàn, ó kọ̀ láti rí mi. Mo fún un ní àga.

"Mi ò wá dúpẹ́ o," ni ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ohun kan ni mo wá bi ọ́. Mo ní kí o wọ abẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ni ìbá gbà ọ́?"

"Kò lè ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ."

"Kí ló dé tí o ò wọ̀ ọ́?"

Mo ti múra ọ̀pọ̀ èsì sílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn. Gbogbo wọn sá. Mo ní, "Ojú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni."

Ó wo bẹ́ǹṣì náà, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó ní ẹnikẹ́ni ò gba dẹ́rẹ́bà ẹlẹ́sẹ̀ kan síṣẹ́, àti pé etí òun ṣì dáa. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń wá. Òun ló ń gbọ́ ìró ọkọ̀ kí ó tó jáde. Bí Lásísì bá ní nǹkan ń dún, à ń tú u nìyẹn, ì báà jẹ́ lẹ́yìn fàtíhà mẹ́wàá.

Ohun èlò yí padà lójú wa. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀, ayùn ọwọ́ la fi ń gé irin. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ oníná dé, irin tí à ń gé ní ọ̀sán kan di ohun tí à ń gé kí tíì tó tutù. Tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, jíìpù oríṣiríṣi, òmíràn ti ga láti ìlú òyìnbó. Àwọn mẹkáníìkì kékeré wá ń fi páìpù irin àti ọ̀rá líle gbé bọ́dì sókè, wọ́n ní, "Bàbá, ti odó yín ti kọjá. Irin la ń lò báyìí, irin kì í gbẹ."

Mo dá wọn lóhùn nígbà yẹn, mo sì ń dá yín lóhùn báyìí. Irin kì í gbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí o kì sábẹ́ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Sítíárìn, họ́ọ̀sì bíréèkì, ọ̀pá jíà, gbogbo wọn ni wọ́n gé ní ìwọ̀n bọ́dì tó jókòó síbi tó yẹ. Bóòtù gígùn máa ń tẹ̀ níbi tí bóòtù kúkúrú kò ti ní tẹ̀. Ọkọ̀ tí orí rẹ̀ ti wúwo jù, ibi tó bá ti yí ló ti fẹ́ dùbúlẹ̀. Bí bọ́ńpà rẹ bá sì ga ju ti ọkọ̀ kékeré lọ, ọjọ́ tí o bá kọ lù ú, irin rẹ̀ kọ́ ló máa bá, àyà ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni. Ẹ wá ẹni tó máa sọ fún mi pé irọ́ ni mo pa. Ọkùnrin ńlá kan gbé jíìpù tuntun wá lọ́jọ́ kan, ó ní kí n gbé e sókè torí ẹwà. Torí ẹwà! Mo ní mi ò ṣe. Ó ní ṣé ẹ̀rù ń bà mí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bà mí, kó wọ ọkọ̀ rẹ̀ kó máa lọ. Wọ́n ń pè mí ní ojo títí mo fi ti ìsọ̀ pa. Ojo náà sùn dáadáa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, ẹ wá kọ́ tiwa. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá lè wọ abẹ́ ọkọ̀ lójú àwọn tó ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ lọ ta aṣọ.

Ọdún mẹ́rìnlá ni èmi àti Lásísì fi jọ ṣiṣẹ́. A jọ jẹun, a jọ jà, ó bá mi sin bàbá mi. Kò sọ ọ́ rí pé òun dárí jì mí, èmi náà ò sì bi í. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, mo kà á sí i létí dé ibi tí mo ti fi ọwọ́ gbá bọ́dì ọkọ̀, tí mo ní kó máa lọ. Mo dúró níbẹ̀.

"Ṣé kí n yọ ibẹ̀ kúrò?"

"Orúkọ ta ló máa wà lórí rẹ̀?"

"Tèmi ni."

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Lásísì wí.

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.